Omi Ìwẹ̀ Ọmọ Àbúrò Mi

Ní àdúgbò wa ní Ọ̀rẹ̀, ìyá mi ni wọ́n máa ń pè bí obìnrin bá bímọ. Kò kọ́ iṣẹ́ náà níbì kankan, kò sì sí ẹni tó yàn án sí i. Ọwọ́ rẹ̀ ni àwọn ènìyàn rí tí wọ́n fi ń wá a. Á jókòó sórí àpótí ní ẹ̀yìnkùlé, á na ẹsẹ̀ méjèèjì, á tẹ́ ọmọ sórí ojúgun rẹ̀, á fi epo pupa pa á lára láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀. Kì í fo abẹ́ apá, kì í fo ẹ̀yìn etí. Lẹ́yìn ìyẹn ni ọṣẹ dúdú àti kànrìnkàn á wá kàn, á fọ ọmọ náà títí ara rẹ̀ á fi máa dán. Lọ́dọ̀ wa, bí òórùn bá ń jáde lára àgbàlagbà, ìyá rẹ̀ là ń bú, pé kò rí ẹni gidi wẹ̀ ẹ́ nígbà tó wà lọ́mọ ọwọ́. Ìyá mi a máa fọ́nnu pé nínú gbogbo ọmọ tí òun wẹ̀, kò sí èyí tó ń rùn. Mo máa ń sọ fún un pé kó kọ ọ́ sára pátákó, kó gbé e sí oríta níbi tí àwọn bọ́ọ̀sì Èkó àti Bìní ti ń dúró jẹun, bóyá àwọn èrò ọkọ̀ á bá a ṣòwò.

Kó tó di pé ó dàgbà, gàrí ló ń dín. Láti kékeré ní Aráròmí-Obù ló ti ń jókòó ti agbada gàrí, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ sì ti yi débi pé ó lè fi ọwọ́ lásán mú ẹyin iná kúrò nínú ààrò láìfọhùn. Ẹ̀fẹ̀ la máa ń fi ìyẹn ṣe nínú ilé. Bí ìkòkò bá gbóná, tí a kò rí aṣọ tí a ó fi dì í mú, a ó ní kí wọ́n pe Màmá ọlọ́wọ́ irin wá. Òun náà á máa rẹ́rìn-ín, á sì gbé ìkòkò náà kalẹ̀ fún wa.

Èmi ní tèmi, aránṣọ ni mí. Mo ní ẹnu, mi ò sẹ́. Àwọn oníbàárà mi mọ̀ pé bí wọ́n bá pẹ́ kí wọ́n tó wá gba aṣọ wọn, etí wọn á gbọ́ ọ. Àbúrò kan ṣoṣo ni mo ní, ọkùnrin, mẹkáníìkì tó ń tún àwọn ọkọ̀ akẹ́rù ṣe ní ojú ọ̀nà márosẹ̀. Ọmọ àwọn kan tó ti ìhà Ọ̀ṣun wá dáko kòkó lórí ilẹ̀ onílẹ̀ ní Omifúnfun ló fẹ́. Aládùúrà ni wọ́n, aláṣọ funfun tí kì í wọ bàtà, ènìyàn jẹ́jẹ́ sì ni ìyàwó náà. Nítorí òun àti ìyá rẹ̀, ìyá mi á gbé èdè Ìkálẹ̀ rẹ̀ tì sápá kan, á bá wọn sọ Yorùbá tí gbogbo ayé ń sọ, àfi bí ọ̀rọ̀ bá dùn ún wọra.

Wọ́n wá ọmọ títí ó fi sú wọn. Nígbà tó wá dé, obìnrin ni, irun kún orí rẹ̀, ó jọ àbúrò mi bí ìgbà tí a là á sí méjì. Ilé ìgbẹ̀bí kékeré kan ní Odígbó ni wọ́n bí i sí. Nígbà tí wọ́n gbé e dé ilé tí gbogbo wa jọ ń gbé, mo rí i pé ìbọ̀sẹ̀ kan ṣoṣo tó ga dé orúnkún ló wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ní ẹsẹ̀ ọ̀tún.

“Ìyàwó, ìbọ̀sẹ̀ kejì ńkọ́?” ni mo bi í. “Àbí wọ́n jí i gbé ní Odígbó?”

Kò rẹ́rìn-ín. “Àǹtí mi, wọ́n gún un lábẹ́rẹ́ níbẹ̀ ni. Nọ́ọ̀sì ní kí a má tíì bọ́ ọ.”

Ìyá mi ní kò burú, pé òun á yẹ ẹsẹ̀ náà sílẹ̀ bí òun bá ń wẹ̀ ẹ́.

Àárọ̀ ọjọ́ kejì ló wẹ̀ ẹ́. Iwájú ilé ni ṣọ́ọ̀bù mi wà, mo sì ń gbọ́ ohùn rẹ̀ láti ẹ̀yìnkùlé bó ṣe ń ki ọmọ náà, tó ń pè é ní ìyá òun, tó ń pè é ní olówó orí òun. Mo ń fi ẹsẹ̀ tẹ ẹ̀rọ, inú mi ń dùn. Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ igbe. Kì í ṣe ọmọ ló ké, ìyá mi ni.

Kí n tó dé ẹ̀yìn, àbúrò mi ti débẹ̀ ṣáájú mi. Ọmọ náà ṣì wà lórí ojúgun ìyá mi. Awọ apá rẹ̀ òsì ti ṣí láti èjìká dé ọrùn ọwọ́, ó ká jọ bí èèpo tòmátì tí a ti bọ̀, ẹran abẹ́ rẹ̀ pupa, ó ń ṣomi. Ní àyà rẹ̀, gbogbo ibi tí kànrìnkàn ti kọjá ló ń léròrò. Ìyá mi gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, kànrìnkàn wà nínú ọ̀kan, epo àti ọṣẹ ń kán sílẹ̀ lára ìgúnpá rẹ̀. Àbúrò mi wo ọmọ, ó wo ọwọ́ yẹn, ó wá fi ẹsẹ̀ gbá abọ́ omi náà dànù. Ilẹ̀ mu omi náà lójú gbogbo wa.

“Màmá, ẹ ti fi omi gbígbóná bó ọmọ mi lára!”

“Éè gbóná,” ni ìyá mi wí. “Ọma mi, omi náà éè gbóná. Mo fi ìgúnpá tọ́ ọ wò.”

Àwọn ará ilé ti pé lé wa lórí. Obìnrin kan tí yàrá rẹ̀ kọjú sí tiwa, tí ìyá mi wẹ gbogbo ọmọ rẹ̀ láìgba ju ẹ ṣeun lọ, òun ló kọ́kọ́ sọ ọ́ síta. Ó ní ọwọ́ tó ń mú ẹyin iná, ṣé irú ọwọ́ bẹ́ẹ̀ ló lè mọ omi gbígbóná? Mo bú u débi tó yẹ kó dé, mo tún bú u kọjá ibẹ̀. Ṣùgbọ́n èébú kò lè dá omi padà sínú abọ́. Nínú gbogbo àwa tí a dúró síbẹ̀, kò sí ẹnì kan tó fi ọwọ́ kan omi náà kí ilẹ̀ tó mu ún.

Wọ́n gbé ọmọ náà lọ sí ilé ìwòsàn aládàáni kan nítòsí. Iná omi gbígbóná ni àbúrò mi sọ fún wọn, iná náà ni wọ́n sì tọ́jú. Wọ́n fi bándéèjì wé apá náà, wọ́n fi pílásítà lẹ̀ ẹ́ pinpin. Nígbà tí wọ́n fẹ́ pààrọ̀ rẹ̀, pílásítà náà bá awọ tuntun wá, níbi tí omi kankan kò dé rí. Nọ́ọ̀sì náà ní bí iná ṣe ń ṣe nìyẹn, pé ó máa ń tàn kálẹ̀ lábẹ́. A gbà á gbọ́. Ta ni à bá bi?

Ìyá ìyàwó dé láti Omifúnfun nínú aṣọ funfun, lẹ́sẹ̀ lásán, igo omi àdúrà lọ́wọ́ rẹ̀. Kò pariwo, kò bú ẹnikẹ́ni. Ó kúnlẹ̀ kí ìyá mi gẹ́gẹ́ bí àna, ó wá sọ pé kí inú má bí wa, òun fẹ́ mú ọmọ àti ọmọ-ọmọ òun lọ sí ilé àdúrà fún ìgbà díẹ̀, kí wọ́n lè sinmi. Gbogbo wa la mọ ohun tó ń jẹ́ kí wọ́n lè sinmi. Ó fẹ́ gbé ọmọ náà kúrò lábẹ́ ọwọ́ ìyá mi. Inú bí mi, ṣùgbọ́n ìyá mi ló kó aṣọ ọmọ náà jọ, tó ká a sínú báàgì fún wọn fúnra rẹ̀.

Láti ìgbà náà ni ìyá mi ti yàtọ̀. Nígbà tí obìnrin kan bímọ ní ilé kejì sí tiwa, wọ́n kọjá lójú wa lọ pe ẹlòmíràn. Ó rí wọn láti ojú fèrèsé. Bí a bá jókòó jẹun, á ṣàdédé bi mí pé: “Ṣé omi yẹn gbóná ni?” Èmi á ní kò gbóná. Á ní: “O ò sí níbẹ̀.” Òótọ́ ni, mi ò sí níbẹ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan mo wọlé wá mu omi, mo bá a níwájú sítóòfù. Ó ti ọwọ́ bọ inú omi kan tó ń rú èéfín, ó dúró ṣinṣin, ó ń wo ọwọ́ náà. Mo já a gbà. Ọwọ́ náà ti pupa dé ọrùn ọwọ́. Ó ní òun kò mọ̀ ọ́n lára. Ó ní ìgúnpá òun mọ̀ ọ́n, ọwọ́ òun ni kò mọ̀ ọ́n, àti pé òun kò rántí mọ́ bóyá ìgúnpá lòun fi tọ́ ọ wò lọ́jọ́ náà ni tàbí ọwọ́. Nígbà náà ló yé mi pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí àwọn ènìyàn ń sọ ló ń pa ìyá mi lọ. Òun gan-an alára kò mọ̀ bóyá òun ló ṣe é.

Mo sunkún lọ́jọ́ náà. Mo lọ jókòó sínú ṣọ́ọ̀bù, mo ti ilẹ̀kùn, mo sunkún títí oníbàárà kan fi ń kanlẹ̀kùn, mo sì bú òun náà.

Ìyá ìyàwó ló padà wá tú kókó ọ̀rọ̀ náà. Ọ̀kadà gbé e wá láti Omifúnfun nínú òjò, eruku pupa ti di ẹrẹ̀ létí aṣọ funfun rẹ̀. Bó ṣe wọlé, ó dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ bí ọkùnrin níwájú ìyá mi, obìnrin àgbà bíi tirẹ̀. Ìyá mi ń fà á sókè, ó kọ̀, kò dìde.

“Ẹ foríjì mí, àna mi,” ló ń sọ. “Ẹ foríjì mí, nítorí Ọlọ́run.”

Ó ní wọ́n dá aṣọ àdúrà kékeré kan fún ọmọ náà, wọ́n wọ̀ ọ́ fún un lọ́jọ́ ìsìn, wọ́n fi àmùrè dì í ní ìbàdí bí wọ́n ti ń ṣe. Kò sí omi gbígbóná, kò sí kànrìnkàn, òun fúnra òun ló sì dì í, kò le. Nígbà tí wọ́n tú àmùrè náà, awọ ìbàdí ọmọ bá a jáde yí po. Ibi tí ojú rírán aṣọ ti ha ọrùn rẹ̀ náà ti bó. Ó ní nígbà tí òun rí i, ìyá mi ni òun kọ́kọ́ rántí kí òun tó rántí Ọlọ́run.

Ọ̀rọ̀ pọ̀ lẹ́nu mi. Mo fẹ́ sọ fún un pé kó lọ dọ̀bálẹ̀ bẹ́ẹ̀ lójú obìnrin iwájú yàrá wa náà, kó lọ máa kéde káàkiri àdúgbò bí ó ti wà níbẹ̀ yẹn. Ìyá mi wojú mi, mo gbé e mì.

“Ọma náà ńkọ́?” ni ìyá mi bi í. Kò bi í ní ohun mìíràn.

Wọ́n gbé ọmọ náà padà wálé. Ọmọ oníbàárà mi kan ń ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Òun ló ní kí a ya fọ́tò ọmọ náà sórí fóònù, òun ló fi ránṣẹ́ sí dókítà tó ń wo àìsàn awọ ní ilé ìwòsàn ìjọba kan ní ìlú mìíràn. Èsì dé kíákíá: kí a gbé ọmọ náà wá, kí a má ṣe lẹ pílásítà mọ́ ọn mọ́, kí a má ṣe ki ọwọ́ bọ abẹ́ apá rẹ̀ gbé e. Orí tìmùtìmù ni kí a tẹ́ ẹ sí, kí a gbé tìmùtìmù náà. Báyìí la ṣe gbé ọmọ àbúrò mi wọ ọkọ̀, bí ẹni gbé ẹyin. Ìyá mi ní òun kò ní lọ. Ìyàwó ló bẹ̀ ẹ́, ó di etí ìró rẹ̀ mú bí ọmọ kékeré, ó ní bí Màmá kò bá lọ, òun náà kò lọ.

Ní ibi tí a ti ń dúró de dókítà, bẹ́ǹṣì gígùn kan ló wà, mi ò sì rí irú àwọn tó jókòó síbẹ̀ rí lójú kan. Obìnrin kan wà tí gbogbo ara rẹ̀ rí bí ìpẹ́ ẹja, ó fi ìbòrí bo ara láti orí dé ìka ọwọ́ nínú oòrùn yẹn. Àfín kan wà, ọ̀dọ́mọkùnrin, egbò kan ti jẹ etí rẹ̀ kan tán. Ọkùnrin kan sì wà tí kókó rọ̀ jọ̀pọ̀ ní ojú rẹ̀, ní ọrùn rẹ̀, ní apá rẹ̀, kéékèèké àti ńláńlá, débi pé ojú kan ti bò mọ́lẹ̀. Mo dúró. Mi ò mọ ibi tí n ó jókòó sí. Ọkùnrin náà sún, ó fi ọwọ́ gbá bẹ́ǹṣì fún mi.

“Ẹ jókòó, màdáàmù, kì í ràn. Bó bá ń ràn ni, ìyàwó mi ì bá ti kó o kó tó sá lọ.”

Obìnrin onípẹ́ náà rẹ́rìn-ín lábẹ́ ìbòrí rẹ̀. Mo jókòó. Ojú tì mí, mo sì ń wo àwọn ènìyàn tó ń kọjá, bí wọ́n ti ń yà fún bẹ́ǹṣì wa. Mo mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ náà ni wọn á máa yà fún ọmọ tiwa bó bá dàgbà. Nígbà yẹn mo ṣì rò pé yóò dàgbà.

Obìnrin ni dókítà náà, ọmọdé ni sí mi, ohùn rẹ̀ sì lọ sílẹ̀. Kò fọwọ́ kan ọmọ náà fún ìgbà pípẹ́, ó kàn ń wò ó. Lẹ́yìn náà ló tọ́ka sí ìbọ̀sẹ̀ ẹsẹ̀ ọ̀tún, tí ìyàwó kò tíì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bọ́.

“Kí ló wà lábẹ́ èyí?”

Ìyàwó ní abẹ́rẹ́ ni. Dókítà fi omi tútù rin ìbọ̀sẹ̀ náà gbindin, ó dúró, ó wá yọ ọ́ díẹ̀díẹ̀. Láti orúnkún sílẹ̀ dé ẹ̀yìn ẹsẹ̀, kò sí awọ níbẹ̀. Kì í ṣe pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bó. Ó ti ń gbẹ, etí rẹ̀ ti ń san.

“Báyìí ni ẹ ṣe bí i, àbí bẹ́ẹ̀ kọ́?” ni dókítà bi í.

Ìyàwó bú sẹ́kún. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní nígbà tí wọ́n fa ọmọ náà jáde, ẹsẹ̀ náà ti wà báyẹn. Obìnrin tó gbẹ̀bí rẹ̀ ló ki ìbọ̀sẹ̀ bọ̀ ọ́, tó ní kó má fi hàn ẹnikẹ́ni, pé lẹ́yìn gbogbo ọdún tí a fi wá ọmọ, bí ilé ọkọ bá rí àmì lára rẹ̀, wọ́n á ní ọmọ tó ti lọ tó bọ̀ ni. Ó ní òun fẹ́ sọ ọ́ lọ́jọ́ tí apá bó. Ó ní bí òun ṣe fẹ́ sọ ọ́, Dádì ọmọ ti gbá abọ́, àwọn ènìyàn ti ń sọ̀rọ̀, ẹ̀rù ba òun, ọjọ́ sì ń gorí ọjọ́.

Mo dìde. Mi ò mọ ohun tí mo fẹ́ ṣe. Mo rántí ọwọ́ ìyá mi nínú omi tó ń rú èéfín. Mo sọ ọ̀rọ̀ kan sí ìyàwó náà tí n kò ní kọ síbí, ìyá mi sì ní kí n jókòó.

Dókítà pe àìsàn náà ní orúkọ òyìnbó kan tó gùn, tí ahọ́n mi kò lè gbé. Ó ní òun kì í sábà rí i, ṣùgbọ́n òun mọ̀ ọ́n. Ó ní awọ wa ní ìpele, èyí tó wà lókè àti èyí tó wà nísàlẹ̀, ohun kan sì wà láàárín wọn tó so wọ́n pọ̀. Ohun yẹn ni kò sí lára ọmọ yìí. Ìyá rẹ̀ ní díẹ̀ níbẹ̀, bàbá rẹ̀ ní díẹ̀, kò hàn lára àwọn méjèèjì, ó wá pàdé lára ọmọ. Ó yé mi ju bí mo ṣe fẹ́ lọ. Mo ti rí aṣọ tí wọn kò gán mọ́ láínì inú rẹ̀, bí ènìyàn bá ṣe fà á ni yóò ṣe máa yọ̀.

Dókítà wá kọjú sí ìyá mi. “Màmá, mo gbọ́ pé wọ́n ní omi yín ló ṣe é. Omi kọ́. Bí omi náà tutù bíi ti inú fíríìjì, awọ náà á ṣí. Kànrìnkàn kò dáa fún un, fífi ọwọ́ ra á kò dáa fún un, ohunkóhun tó bá ti ha á ló máa bó o. Ẹ kò mọ̀. Kò sí ẹni tó lè mọ̀.”

Ó rò pé ìtùnú lòun sọ. Ìyá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó tẹ orí ba. Ṣùgbọ́n nínú ọkọ̀ bí a ti ń bọ̀, ó ń wo ọwọ́ rẹ̀, ó ní: “Ọghọ́ mi náà ni, kì í ṣe omi.” Mo ní kì í ṣe ohun tí dókítà sọ nìyẹn. Ó ní ohun tí òun gbọ́ nìyẹn.

Kò sí oògùn rẹ̀. Ìtọ́jú ló wà, ìtọ́jú náà kò sì lópin. Ìléròrò tó bá yọ, a ó fi abẹ́rẹ́ tí a ti sè tú omi rẹ̀, kó má baà máa fẹ̀ sí i. Gọ́ọ̀sì tí wọ́n fi ń di egbò, tó máa ń lẹ̀, kò dára fún un, dókítà sì ní bí a kò bá rí èyí tí kì í lẹ̀, kí a lo ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ tútù, kí a sè é, kí ó tutù, kí a fi fásílìnì pa ojú rẹ̀. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ kò wọ́n wa. Ìyá mi ló gba iṣẹ́ ewé. Á lọ já a ní àárọ̀ kùtù, á yọ igi àárín rẹ̀, á gé e ní ìwọ̀n apá, ní ìwọ̀n ẹsẹ̀, ní ìwọ̀n ìbàdí, á sè é, á tẹ́ ẹ sórí ọpọ́n bí ẹni ń pọ́n mọ́ínmọ́ín. Ìyàwó ni yóò wá gbé e, tí yóò fi wé ọmọ. Ìyá mi kì í fọwọ́ kan ọmọ náà. Á jókòó lọ́ọ̀ọ́kán, á máa lé eṣinṣin.

Èmi, mo rán aṣọ fún un. Mo wá aṣọ òwú tó ti gbó, tó rọ̀, mo rán an kí ojú rírán lè wà níta, kó má kan ara rẹ̀. Gbogbo ẹni tó wọ ṣọ́ọ̀bù ló ń sọ fún mi pé mo rán aṣọ ọmọ sódì. Mo dá wọn lóhùn bó ṣe yẹ.

Ẹnu rẹ̀ náà ń léròrò, nítorí náà kì í lè mu ọmú tẹ́rùn. Á mu díẹ̀, á ké, á tún wá a, á tún ké. Ìyàwó á máa sunkún lé e lórí. Mo bínú sí ìyàwó yẹn fún ìgbà pípẹ́, ṣùgbọ́n kò ṣeé ṣe kí ènìyàn máa wo ohun tí mò ń wò, kó sì máa bínú síbẹ̀. A kò lè pọ̀n ọ́n. A kò lè gbé e mọ́ra. Orí tìmùtìmù ló ti ń wo ayé, ojú rẹ̀ dúdú mìnìjọ̀, ó sì ń rẹ́rìn-ín. Ohun tó dun èmi jù nìyẹn, pé ó ń rẹ́rìn-ín.

Ní ọjọ́ kan ìyá mi ń lé eṣinṣin, ọmọ náà na ọwọ́, ó di ìka rẹ̀ kan mú. Ìyá mi bẹ̀rù láti fa ìka náà yọ. Ó dúró bẹ́ẹ̀, ó tẹ̀ kòròbà, ẹ̀yìn ń dùn ún, títí ọmọ náà fi sùn tí ọwọ́ rẹ̀ fi dẹ̀. Nígbà tó nà ró, ó wò mí, ojú rẹ̀ kún fún omi, ó ní: “Éè bó.” Àtẹ́lẹwọ́ ọmọ náà kò bó.

Nígbà tí ọyẹ́ mú, ara rẹ̀ gbóná. Egbò ìbàdí yẹn ló kó ìdọ̀tí. A gbé e lọ síbi tó yẹ ká gbé e lọ, wọ́n fi oògùn sí i lára, wọn kò tètè rí iṣan. A gbé e padà wálé nígbà tí wọ́n ní ká máa gbé e lọ. Ìyá ìyàwó wá láti Omifúnfun, ó sì gbàdúrà títí ohùn rẹ̀ fi há. Ní òwúrọ̀ kan, lórí tìmùtìmù, ọmọ àbúrò mi kú. Kò ké. Ìyàwó rò pé ó sùn ni, ó ń fi ọwọ́ sọ fún wa pé kí a má pariwo.

Lọ́dọ̀ wa, a kì í jẹ́ kí òkú ọmọ kékeré pẹ́ nílẹ̀. Àwọn ọkùnrin ti mú ṣọ́bìrì lọ sẹ́yìn ilé. Ìyá ìyàwó ní òun á wẹ̀ ẹ́, obìnrin iwájú yàrá wa náà sì ní òun á bá a mú un. Ìyàwó kọ̀ fún àwọn méjèèjì. Ó jáde lọ bá ìyá mi níbi tó jókòó sí lẹ́bàá igi ọ̀gẹ̀dẹ̀, ó kúnlẹ̀.

“Màmá, ẹ dìde. Ẹ wá bá mi wẹ ọmọ yín.”

“Ọghọ́ mi éè dáa,” ni ìyá mi wí. “Wá ọghọ́ mìíràn.”

“Kò sí ọwọ́ mìíràn, Màmá.”

Ó pẹ́ kó tó dìde. Ó gbé àpótí rẹ̀ sí ibi tó ti ń gbé e sí tẹ́lẹ̀. Ó na ẹsẹ̀. A gbé ọmọ náà fún un pẹ̀lú tìmùtìmù rẹ̀, ó yọ ọ́ kúrò lórí rẹ̀, ó tẹ́ ẹ sórí ojúgun rẹ̀, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn látọjọ́ náà. Ó bu omi tútù sínú abọ́, abọ́ kan náà, ó bu omi gbígbóná lé e. Ó ti ìgúnpá bọ̀ ọ́, ó yọ ọ́, ó tún fi omi tútù kún un. Kò bẹ̀rẹ̀. Ó ti abọ́ náà síwájú wa.

“Ẹ tọ́ ọ wò,” ló wí.

A kò kọ́kọ́ mọ ohun tó ń sọ. Ìyá ìyàwó ló kọ́kọ́ wá, ó ki ọwọ́ bọ omi náà, ó yọ ọ́. Obìnrin iwájú yàrá wa bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó tọ́ ọ wò, kò lè gbójú sókè. Ìyàwó tọ́ ọ wò. Èmi náà tọ́ ọ wò. Àbúrò mi fara ti ògiri lẹ́yìn, ó ń wo ilẹ̀. Ìyá mi kò pè é. Ó kàn dúró dè é, ọmọ lórí ẹsẹ̀ rẹ̀, abọ́ níwájú rẹ̀, gbogbo wa sì dúró. Nígbà tó yá, ó wá, ó kúnlẹ̀, ó ti ọwọ́ bọ omi náà títí dé ọrùn ọwọ́, ó sì fi í síbẹ̀.

“Ó gbóná?” ni ìyá mi bi í.

“Kò gbóná, Màmá.”

Ìyá mi mi orí pé ó gbọ́. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ bu omi náà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í wẹ ọmọ.